Ohun Tó Wà Nínú Àgbá

  

Bí orí bá ń fọ́ yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ohun tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú àpamọ́wọ́ yín. Ìyá tó bí ìyá mi kì í rìn láìsí i. Ìṣẹ́tí aṣọ ni màmá ń so ó mọ́, níbi tí owó wà. Bí oòrùn Abẹ́òkúta bá ti pa á dé ojú ibi tó le, yóò jókòó sí ibòji, yóò tú ìṣẹ́tí aṣọ, yóò yọ bébà pẹlẹbẹ kan jáde. Yóò fi ìka ta bébà náà lẹ́ẹ̀mẹta kí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ lè kó jọ sí ìsàlẹ̀. Yóò fa ẹnu rẹ̀ ya, yóò gbé orí sẹ́yìn, yóò sì da gbogbo rẹ̀ sórí ahọ́n. Ojú rẹ̀ yóò fún pọ̀ bíi ti ẹni tó la ewúro. Ìgbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè omi. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í kọ́kọ́ bu omi sílẹ̀. Ó ní, "Bí kò bá korò lẹ́nu, báwo ni orí ṣe fẹ́ mọ̀ pé mo ti lò ó?"

Alábùkún ni mo ń wí. Ọkùnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára bébà yẹn ní orúkọ: Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlátẹ̀. Ìkòròdú ni wọ́n ti bí i ní 1884, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ló fi ṣe ilé, ibẹ̀ ló sì ti gbé oògùn yìí jáde ní 1918. Blessed Jacob ló ń pe ara rẹ̀, òun ló di Alábùkún lẹ́nu wa. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ajé ṣe yé baba yìí tó: ó fi àwòrán ara rẹ̀ sára ọjà, ó tún ń tẹ àlímánáàkì Alábùkún, tó fi jẹ́ pé ẹni tí orí kò fọ́ rí pàápàá yóò máa rí orúkọ oògùn náà bó bá ti ń wo ọjọ́. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ orúkọ Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́ rí, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN láàárín àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Àwa tí orí ń fọ́ la jọ san owó ilé ìwé yẹn.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká tú bébà náà wò. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: àsípírìn àti kafíìnì. Àsípírìn, ilé-iṣẹ́ Bayer ní ilẹ̀ Jámánì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1899. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá sí èbúté Èkó. Kafíìnì ńkọ́? Òun ni ohun tó wà nínú kọfí àti tíì tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ó wà nínú obì pẹ̀lú. Obì tó kún Rẹ́mọ, tó kún gbogbo ẹ̀yìn Abẹ́òkúta, tí àwọn oníṣòwò Hausa ń wá kó lápò lápò ní Ṣàgámù. Obì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, a sì ń ra kafíìnì látòkè òkun láti fi po oògùn.

N kò fi èyí bú baba. Ta ló fẹ́ ní ẹ̀rọ tí yóò fi fa kafíìnì yọ lára obì ní 1918? Àmọ́ ẹ bá mi di ìbéèrè kan mú, nítorí òun ni yóò mú wa rìn lálẹ́ òní: ibo ni èròjà ti wá? Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé la ti ń po oògùn ní ilẹ̀ yìí. Pípò rẹ̀ kò ṣòro fún wa rí. Ohun tó wà nínú àgbá, kí wọ́n tó pò ó, ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ oògùn òyìnbó ti wà l'Ékòó kí Ọdúlátẹ̀ tó dé. Ní 1887 ni Zaccheus Bailey ti ṣí ilé ìtajà oògùn sí Balógun. Òun ni àwọn apòògùn ilẹ̀ wa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àgbà wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní dìsípẹ́nsà dé, tí wọ́n ń wo ìwé dókítà, tí wọ́n ń wọn nǹkan lórí òṣùwọ̀n kékeré, tí wọ́n ń gbọn ìgò. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn á rántí ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lára, tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé etí bébà náà láti fi díwọ̀n ìgbà tí aláìsàn yóò mu ún.

Ilé-iṣẹ́ oògùn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni May & Baker, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944. Ogun Hitler kò tíì parí nígbà náà. Òkìkí ti ṣáájú wọn dé, nítorí oògùn wọn kan báyìí, M&B 693, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo òtútù àyà àti àtọ̀sí láti 1938. Òun ni wọ́n fún Churchill nígbà tí òtútù àyà dá a dùbúlẹ̀ ní Àríwá Áfíríkà ní ìparí 1943. Àwọn bàbá wa kò mọ Churchill mọ́ oògùn o. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹni tó bá rin ìrìn àṣemáṣe, M&B ni yóò gbà á.

Nígbà tó yá, Ìkẹjà di ìlú ilé-iṣẹ́. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà wà nígbà yẹn, kò tíì di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba yẹn ló la ilẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Pfizer dé. Roche dé. Wellcome dé. Beecham, tó wá di GlaxoSmithKline, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Àgbárá ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1972 yẹn kan náà ni ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn àjèjì ta lára ìpín ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ ilẹ̀ yìí. Bí olùkọ́ ilé ìwé àti akọ̀wé ìjọba ṣe di onílé-iṣẹ́ oògùn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà ìpín tó wà nínú àpótí ni ohun tí púpọ̀ nínú wọn fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àsìkò yẹn dùn nítorí náírà ní agbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Sápù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986. Kí ọdún náà tó parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ń ra èròjà ní dọ́là, tó ń ta oògùn ní náírà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tí Pfizer yọwọ́ ní 1997, àwọn ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, tí Mazi Sam Ohuabunwa jẹ́ olórí wọn, ló ra ilé-iṣẹ́ náà, tí wọ́n sọ ọ́ di Neimeth. May & Baker pẹ̀lú bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí nígbà tó yá.

Àwọn tó wá di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn èyí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Stella Okoli ṣí kẹ́míìsì sí Ṣómólú ní 1977. Kẹ́míìsì yẹn ló di Emzor tí parasítámọ́ọ̀lù rẹ̀ wà nínú àpótí gbogbo oníkíóósìkì. Fidelis Ayebae dá Fidson sílẹ̀ ní 1995, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Ọ̀tà. Drugfield wà ní Ọ̀tà bákan náà. Àwọn ló ń ṣe jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ìwọ́ ọmọ tuntun kí kòkòrò má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Bond Chemical wà ní Awẹ, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, níbi tí ẹlòmíràn kò ní ronú láti kọ́ ilé-iṣẹ́ oògùn sí láé. Bí ẹ bá gba Ìsọlọ̀ jáde sí Ìkẹjà, tí ẹ kọrí sí Ọ̀tà, kí ẹ tó yà sí Àgbárá, ẹ ti kọjá níwájú èyí tó pọ̀ jù nínú hóró oògùn tí wọ́n ń pò nílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú ọ̀kan nínú wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ojú rere ni wọ́n fi gbà mí wọlé. Wọ́n ní kí n bọ́ aago ọwọ́, wọ́n fi àpò wọ bàtà mi, wọ́n fi fìlà ràgàjì kan bò mí lórí. Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ amúnáwá ń bú bíi kìnnìún tí ebi ń pa. Apòògùn tó mú mi káàkiri, ọmọbìnrin kan, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. "Ẹ rọra, sà," ó ní, "ilẹ̀ ń yọ̀."

Mo ti rò pé n ó rí ohun àràmàǹdà. Gàrí ni mo rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá dín gàrí rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n da lẹ́búlẹ́bú parasítámọ́ọ̀lù sínú ọpọ́n irin ńlá kan, wọ́n da sítáàṣì tí wọ́n ti fi omi gbígbóná rò bí ẹ̀kọ mímu lé e, ẹ̀rọ ń pò ó títí ó fi di wóróbo tútù. Wọ́n fi ajọ̀ irin jọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e sínú ààrò tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ dé ìwọ̀n tó yẹ; bó bá gbẹ jù, hóró oògùn yóò máa fọ́, bó bá tutù jù, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n tún jọ̀ ọ́. Ìyẹn náà ló wá lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀, ẹ̀rọ roboto tó ń pòòyì, tí ọmọ ọlọ inú rẹ̀ ń gún un lókè nísàlẹ̀. Hóró funfun ń já bọ́ sínú agbada bí òjò alákọ̀ọ́rọ̀ lórí páànù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, ọmọkùnrin kan á ṣa mélòó kan nínú wọn, á wọ̀n wọ́n, á fi irin kékeré kan fún wọn kí ó mọ̀ bí wọ́n ṣe le tó, á kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ gidi ni. Inú mi dùn, n kò purọ́.

Ní igun yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, àwọn àgbá aláwọ̀ búlúù wà lórí ara wọn títí kan àjà. Mo na ìka sí wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ṣe lẹ́búlẹ́bú inú ìwọ̀nyí?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, sà. Íńdíà àti Ṣáínà ni. Tiwa ni ká pò ó."

Mo bèèrè sítáàṣì. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti ń hù lórí ààtàn, àpò sítáàṣì tí mo rí níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Ó ní èyí tó mọ́ tó ìwọ̀n tí oògùn ń fẹ́ ló ṣòroó rí nílé. Oníke tí wọ́n fi ń di hóró oògùn ńkọ́? Mo ti dákẹ́ ìbéèrè kí n má bàa di ẹni tí wọ́n ń ti jáde.

Àgbá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó ti pa ọmọ. Ní 1990, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú n'Íbàdàn àti ní Jos. Ibà lásán ló ń ṣe wọ́n, parasítámọ́ọ̀lù olómi ni wọ́n fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ọmọ kò tọ̀ mọ́; ojú wú, ikùn wú. Omi dídùn kan wà tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn kí ó tó di olómi; omi mìíràn tún wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, tó dùn bíi tirẹ̀, tó sì dínwó, èyí tí wọ́n ń lò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ló wà lára àgbá, èkejì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó pò ó gba orúkọ ara àgbá gbọ́, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ tó bá a lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, dé ní 1993, Dora Akunyili tó di ọ̀gá rẹ̀ sì wá sọ ọ́ di orúkọ tí oníṣòwò ayédèrú oògùn ń gbọ́ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n láti 2001. Síbẹ̀, ní ìparí 2008, omi kan náà tún rí ọ̀nà wọ inú oògùn tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń yọ eyín, My Pikin lorúkọ rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ 84 ló kú. Ọdún 18 láàárín méjèèjì, omi kan náà.

Mo sọ pé ẹ di ìbéèrè yẹn mú: ibo ni èròjà ti wá? Ẹ jẹ́ kí n yí i padà díẹ̀, nítorí ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni èròjà ti lọ.

Ní 1925, àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà kọ́ ilé ìwádìí sí Yábàá. Ibà apọ́njú, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní yẹ́lò fífà, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ilẹ̀ Gánà òde òní. Ibà náà kò pa Asibi. Ọ̀bọ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí lára ló kú. Ohun tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn: ẹranko tí àìsàn náà lè mú, kí wọ́n lè rí i kọ́. Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ibà náà mú òun fúnra rẹ̀, ó sì kú l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Láti inú ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti wá ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní New York lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn arìnrìn-àjò fún káàdì yẹ́lò títí di òní, ìrandíran ẹ̀jẹ̀ ará Gánà yẹn ni.

A kò kàn jókòó máa wò o. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Yábàá fún ọ̀pọ̀ ọdún: ti ṣọ̀pọ̀ná, ti ibà apọ́njú, ti ajá dìgbòlugi. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 1987 ibà apọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní 1991, wọ́n ti ilé ìṣabẹ́rẹ́ náà pa. Àtúnṣe ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé kọ́lékọ́lé wá rí, tó ní òun ń lọ ra ìṣó, ẹ mọ irú àtúnṣe tí mo ń wí.

Èyí tó dùn mí jù kò tilẹ̀ kan Yábàá.

Orín ni. Pákò, orín ata, èyí tó máa ń ta èèyàn lẹ́nu títí ètè yóò fi kú tipiri. Ní yunifásítì Ifẹ̀, ní nǹkan bí 1970, àwọn onímọ̀ kan ń wò ó bóyá lóòótọ́ ni pákò ń pa kòkòrò ẹnu. Àwo tí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sí ni wọ́n fi ń dán an wò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú àwo máa ń dúdú. Èyí tí omi orín ata kàn kò dúdú. Pípọ́n ló ń pọ́n bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á. Ẹlòmíràn ì bá fọ àwo, ì bá gba ilé lọ. Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ara wọn léèrè pé kí ni orín yìí ń dáàbò bò nínú hóró ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tí Yorùbá ti ń sunkún jù, ìdí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, níbi tí hóró ẹ̀jẹ̀ ti ń tẹ̀ bíi dòjé, tí ń há sí iṣan, tí ń fi ìrora kó ọmọ mọ́lẹ̀. Wọ́n kán omi orín ata sí i. Hóró tó ti tẹ̀ padà di roboto. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé; kò dé Ìkẹjà.

Oògùn kejì fún àrùn yìí kan náà dé ibi tó jìnnà ju ìyẹn lọ kó tó wó. Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ògúnyalé, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní àgbo fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí lékuléja tí kò ní i: iyèré, igi osùn, kànáfùrù, àti pòròpòrò ọkà bàbà. Ní nǹkan bí 1992 ó gbà láti fi hàn ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí. Ẹ má fi ojú kékeré wo ìyẹn. Ẹ mọ bí oníṣègùn wa ṣe ń gbé àṣírí ewé lọ sínú ibojì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fà á yọ, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, ìrora dínkù. Niprisan ni wọ́n sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba ìwé àṣẹ láti ṣe é, wọ́n yí orúkọ padà sí Nicosan, ààrẹ Ọbásanjọ́ sì ṣí i fún títà ní oṣù keje 2006. Àwọn òbí tó mọ ohun tí òru àìsùn jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ní ìparí 2008, gbèsè wó Xechem ní Amẹ́ríkà. Àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Oògùn dáwọ́ dúró. Bàbá kan l'Ékòó tó ti ń rà á fún ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé àpótí kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, òun ń pín hóró rẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́. Iyèré ṣì ń hù o. Osùn ṣì ń hù. Ọkà bàbà ṣì wà lóko. Gbogbo èròjà wà lọ́jà wa, bébà àṣẹ ló wà lókè òkun.

Kí n má dá ẹ̀bi náà sórí ìgbà àtijọ́ nìkan. Ẹ wo Ẹdẹ. Yunifásítì Redeemer's wà níbẹ̀, ilé ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi dá sílẹ̀, ACEGID, wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà dé Nàìjíríà ní ìparí oṣù kejì 2020, ilé yẹn ni wọ́n ti ka ìwé àbùdá kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní Áfíríkà tó ṣáájú wọn. Nínú ìlú Tìmì, lójú ọ̀nà Òṣogbo! Ọdún kan kọjá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2021, bàálù já abẹ́rẹ́ àjẹsára tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin sílẹ̀ ní Àbújá. Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2017 ni May & Baker àti ìjọba àpapọ̀ ti tọwọ́ bọ ìwé pé àwọn yóò jọ máa ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé, lábẹ́ orúkọ Biovaccines. A lè ka kòkòrò náà láti orí dé ìrù kí ẹlòmíràn tó jí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀, a tò fún un bíi ti epo kẹrosíìnì.

Oṣù kẹjọ 2023 ni GlaxoSmithKline kéde pé ó tó gẹ́ẹ́, òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Oṣù méjì péré ṣáájú ìyẹn ni ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Dọ́là tó wà ní bíi 460 fò kọjá 700, kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé ìdajì ó ti bá 1,500 pàdé. Ẹni tó ní ikọ́ fée, tó ń ra ìnhélà wọn, kò nílò akọ̀ròyìn láti ṣàlàyé ọrọ̀ ajé fún un. Mímí rẹ̀ ló di ọ̀wọ́n. Ní kẹ́míìsì àdúgbò mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan di ìnhélà mú lọ́wọ́ kan, ó di owó mú lọ́wọ́ kejì, ó ń wo méjèèjì. Ó dá ìnhélà padà, ó ra oògùn ikọ́ olómi, tí kò lè ṣe ohunkóhun fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìròyìn ayọ̀, ó kù díẹ̀. Emzor ti kéde pé àwọn ń kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Ṣàgámù, pẹ̀lú mílíọ̀nù 14 owó Yúrò tí báńkì àwọn ará Yúróòpù yá wọn. Èyí kì í ṣe ti pípò. Èròjà oògùn ibà gan-an, ohun inú àgbá, ni wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ṣe níbẹ̀. Bó bá bọ́ sí i, yóò jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin apòògùn yẹn yóò lè fún mi ní èsì mìíràn. Ṣàgámù náà ni o, ìlú obì. Mo ń wo ọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń kó ọ̀rọ̀ yìí jọ, mo gba ọjà Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta kọjá, mo sì yà sọ́dọ̀ màmá lékuléja kan. Igbá àti agolo yí i ká, egbò igi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí igi ìdáná. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ rí nǹkan mẹ́rin yìí." Mo ka èròjà àgbo Ògúnyalé fún un. Kò tilẹ̀ bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó ti mọ̀. Ó gbé iyèré, ó fi ọwọ́ nù ún. Ó gé osùn. Ó fa pòròpòrò ọkà bàbà jáde lábẹ́ àga, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Kànáfùrù nìkan ló fi ìdérí agolo mílíìkì wọ̀n, ó tún bu díẹ̀ padà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ́tirí, Màmá? Ẹ dín in kù."

Ó ní, "Ọmọ mi, ìyókù, oko ni. Kànáfùrù, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Dọ́là ti gùn ún."